Ọ̀bẹ Inú Itọ́ Bàbá Ẹnu

Ilẹ̀kùn kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí.

Sùnmọ́nù tún fẹ́ èémí sí ihò kékeré tó wà láàárín rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ná igi tútù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú débi pé à bá tètè fi okùn so ó mọ́lẹ̀ kó má baà fò lọ sójú ọ̀run. Iná pupa tún tàn. Ohùn ọmọdébìnrin kan, ohùn dídùn tí ìjọba kó sínú gbogbo ilẹ̀kùn ìlú Ọ̀sándúró, bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta láàárọ̀ yẹn:

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹnu yín kò tíì dákẹ́. Ẹ má tíì kí ẹnikẹ́ni."

"Ìwọ gan-an lo ò dákẹ́!" ni Sùnmọ́nù sọ sí i lábẹ́lẹ̀. "Pákó lásánlàsàn! Ìgbà mélòó ni mo ti kùn ọ́ lọ́dà?"

Láyé àwọn baba ńlá wọn, ìwà ọmọlúàbí lásán ni pé kéèyàn fọ ẹnu kó tó kí ará ilé rẹ̀. Lóde ìwòyí ó ti di òfin, ilẹ̀kùn ló sì ń ṣọ́ ọ.

Ràfátù ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò kí i, nítorí òfin kò gbà á. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe ife tó wà lórí tábìlì. Omi álọ́ọ̀mù ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kún dẹ́nu.

Sùnmọ́nù dà á sẹ́nu, ó fi ń yọ ẹnu. Kì í ṣe yíyọ kékeré o. Ó ń dún bí ẹni pé ẹṣin mẹ́fà ń sáré la odò kọjá. Álọ́ọ̀mù náà fún un lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ètè òkè ń wá ọ̀nà àtigbé ètè ìsàlẹ̀ mì. Nígbà tó tu ú sínú abọ́, omi náà pupa díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Ó yára da omi mìíràn lé e lórí kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oókan dé igba.

Kó tó ka igba tán, álọ́ọ̀mù á ti dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, àwọn kòkòrò inú èrìgì rẹ̀ ò ní rí irin inú ẹ̀jẹ̀ tọ́ wò. Bí wọn ò bá sì rí irin tọ́ wò, wọn á ti ọ̀bẹ wọn bọ inú àkọ̀. Ìwọ̀nba ohun tí Sùnmọ́nù mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì nìyẹn, nítorí pé kíláàsì kẹrin ló ti kúrò nílé ìwé, lọ́jọ́ tó fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú àpò tíṣà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba náà ti tó láti tan ilẹ̀kùn jẹ fún odidi ọdún mẹ́ta.

"Igba," ó wí, ó sì fẹ́ èémí.

Iná àwọ̀ ewé tàn yòò. "Ẹnu yín ti dákẹ́! Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ẹnu! Ọlá yín la fi ń rẹ́rìn-ín!"

Bí gbogbo ilẹ̀kùn Ọ̀sándúró ṣe ń kí i nìyẹn. Nínú gbogbo ará ìlú, òun nìkan ni ilẹ̀kùn ń fi oríkì kí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Síkírá," ni Ràfátù wí nígbà tí òfin fún un láyè.

"Káàárọ̀, olólùfẹ́ mi. Ṣé o gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń pọ́n mi lé? Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ilẹ̀kùn ló máa ṣíwájú òkú mi, fèrèsé á máa gbè é lẹ́yìn."

Ràfátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣa òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó wò ó, ó jù ú nù.

"Òní ni wọ́n máa kó Abẹ́ní àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìkọjá-Odò, àbí?"

"Wọn ò tíì kó wọn. Àfi kí n kọ́kọ́ fi èémí mi sí ìwé náà."

"Ẹ̀yin?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Bí kì í bá ṣe ẹnu Bàbá Ẹnu, ìwé ìdájọ́ ò ní gbéra."

"Ọmọ yẹn, Ìbídùn. Ẹ̀yin lẹ fún un ní itọ́ lọ́jọ́ kẹjọ."

"Ọmọ mọ́kànlélógójì ni mo ti fún ní itọ́ nílùú yìí."

"Iye kọ́ ni mo bi yín." Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ta ló ń po omi álọ́ọ̀mù fún yín láràárọ̀?"

"Ìwọ ni. Nítorí ọ̀fun mi."

"Nítorí ọ̀fun yín." Ràfátù mi orí. "Bàbá Síkírá, láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọjú sógiri sùn. Ẹ rò pé ògiri ni mo fẹ́ràn?"

Sùnmọ́nù la ẹnu láti dáhùn. Ó ní èsì fún gbogbo ọ̀rọ̀ láyé. Wọ́n ní ó ti bá adìyẹ jiyàn rí, adìyẹ náà sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn fìlà rẹ̀ ló nawọ́ mú. Ó pa ẹnu dé, ó jáde, ojú sì ń tì í lẹ́yìn ọrùn bí ìgbà tí oòrùn bá ń jó ènìyàn.

Irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ fi ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì rìn jìnnà.

Kì í ṣe pé wọ́n fi èrú yàn án. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń wá ẹnu tí wọ́n máa gbin kòkòrò jẹ́jẹ́ sí, àwọn kòkòrò tí kò mọ̀ ọ́n bù jẹ, gbogbo ènìyàn ló ń sá. Sùnmọ́nù akùnlẹ̀kùn, ẹni tí kò sí oyè kankan tí wọ́n fi í jẹ rí àfi oyè aláwàdà, ló jáde, ó ní, "Ẹ gbìn ín sí tèmi! Ẹnu tó gba ìrẹsì abọ́ méje lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni kò ní gbà?" Kòkòrò náà mú. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á fi òwú gba itọ́ rẹ̀, wọ́n á fi ra èrìgì ọmọ náà kí kòkòrò burúkú tó ráyè débẹ̀. Wọ́n fún un ní àga iwájú. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Ẹnu.

Orí ló kù tí kò lè gba ọlá náà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ó sọdá sí Ìkọjá-Odò, níbi tí wọ́n ń kó àwọn Ẹnu Pupa sí, nítorí pé ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn pé itọ́ òun lágbára ju kòkòrò wọn lọ. Ó bá ọkùnrin mẹ́rin tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ mu ẹ̀kọ nínú igbá kan ṣoṣo. Ó lá igbá náà. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún kòkòrò yín pé ọ̀gá wọn ti dé!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó jí láàárọ̀, tó rí àmì pupa lára ìrọ̀rí rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sì ti fún ọmọ mọ́kànlá ní itọ́ látìgbà náà.

Ó ń rìn lọ sí gbọ̀ngán ìlú. Àwọn ilẹ̀kùn ń kí i lọ́tùn-ún lósì. Láwálé káfíńtà rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá Ẹnu! Àárọ̀ á dára o!"

"Láwálé! Dìde, kí ilẹ̀ má baà rò pé o fẹ́ fẹ́ ẹ."

Láwálé rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó tẹ orí ba, ó sì yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sùnmọ́nù dúró. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni Láwálé ti máa ń yí ojú báyìí tó bá súnmọ́ ọn. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níkòríta náà ń yí ojú. Ìmáàmù ń yí ojú. Ọ̀wọ̀ ló pè é. Ó ti máa ń sọ fún Ràfátù pé, "Ṣé o rí i, wọn ò lè wò mí lójú, iyì mi ń tàn sí wọn lójú bí oòrùn ọ̀sán."

Ó rántí ògiri Ràfátù, òógùn sì bò ó. Òógùn náà kì í ṣe ti oòrùn. Bí wọ́n bá gbé garawa mẹ́ta sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ nígbà yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá kún. Ó rìn lọ, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́ títí ó fi dé gbọ̀ngán.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán ni ìgò ńlá kan wà, gíga rẹ̀ tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, eyín ènìyàn ló sì kún inú rẹ̀. Eyín àwọn tó kú nígbà Ìjábọ́ ni, nígbà tí kòkòrò èrìgì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn wọn, tí ẹni ọgbọ̀n ọdún ń tu eyín sọ́wọ́ bí ẹni tu kóró ọsàn. Kò sẹ́ni tó ń kọjá níbẹ̀ láìfọwọ́ kan ìgò náà. Sùnmọ́nù fọwọ́ kàn án.

Fadérera, ọmọbìnrin tó ń ṣètọ́jú àwọn ẹ̀rọ, ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Atọ́wò ní itọ́ díẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ èémí sí ìwé ìdájọ́."

Atọ́wò jẹ́ ẹ̀rọ kékeré bí ife tíì, ó ní ahọ́n kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Sùnmọ́nù tutọ́ sí ahọ́n náà. Ahọ́n náà ká wọlé, ó tún yọ jáde. Pupa.

"Ẹ tún un ṣe, Bàbá," ni Fadérera wí kíákíá. "Ẹ̀rọ yìí ti ń ya wèrè láti àná."

Ó tún un ṣe. Pupa.

"Ẹ tún un ṣe, sà. Bóyá atẹ́gùn ni."

Sùnmọ́nù wò ó. Ọmọbìnrin náà kò wo òun. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò, ó sì ń fi etí aṣọ nu ahọ́n ẹ̀rọ náà bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.

"Fadérera, láti ìgbà wo ni ẹ̀rọ yìí ti ń ya wèrè?"

"Ó ti… ó ti pẹ́ díẹ̀, sà."

"Lọ́jọ́ tí a fún Ìbídùn ọmọ Abẹ́ní ní itọ́, ìgbà mélòó lo ní kí n tún un ṣe?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ahọ́n ẹ̀rọ náà.

"Mò ń bi ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀méje, Bàbá."

"Ó pupa lẹ́ẹ̀méje?"

"Ó pupa lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìkeje ló jẹ́ àwọ̀ ewé, èmi náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọ̀ ewé ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Fadérera gbójú sókè, omijé ti lé ròrò sí i. "Kí n ní kí ni, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ ju bàbá mi lọ! Èmi ọmọ àná á wá wò yín lójú, kí n sọ fún yín láàárín gbọ̀ngán pé ẹnu yín…" Ó fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé òun ló ni èérí náà.

Sùnmọ́nù rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú ò sí nítòsí láàárọ̀ yẹn; ẹ̀sín nìkan ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

"Ìyẹn ńkọ́?" Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ní igun. "Arídìí. Kí ló yàtọ̀ sí Atọ́wò?"

Fadérera nu ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. "Atọ́wò ń bi kòkòrò pé, ṣé ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ báyìí? Bó bá ti fi ọ̀bẹ pamọ́, Atọ́wò á ní kò sí nǹkan kan. Arídìí ò béèrè ọ̀bẹ, Bàbá. Ìwé àbùdá tó wà nínú ikùn kòkòrò náà ló ń kà. Ó ń bi í pé, ṣé o mọ ọ̀bẹ rọ? Àwọn jẹ́jẹ́ tí wọ́n gbìn sí yín lẹ́nu, wọ́n ti ya ojú ewé yẹn kúrò nínú ìwé wọn. Bí a tilẹ̀ jù wọ́n sínú odò ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kàn máa wẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú ewé yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, sísùn ló ń sùn. Bó bá tọ́ irin inú ẹ̀jẹ̀ wò báyìí, ó jí nìyẹn."

"O lè fi wo ẹnu ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni tí kò tíì lé ní ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta. Àgbà ò sí níbẹ̀. Òfin ní ìwọ̀sí ni kí ọmọdé máa tú inú ẹnu àgbà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó sì ń sọ ibi tí kòkòrò ti wá, Bàbá. Ó mọ ìyá, ó mọ ọmọ."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. Bí eṣinṣin kan bá fẹ́ bà, àfi kó kọ́kọ́ bẹ ẹni kan kó sún. Àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó síwájú, nítorí pé ọ̀rọ̀ èrìgì ọmọ ni. Ìyá Alága jókòó láàárín pẹ̀lú ìwé ìdájọ́ níwájú rẹ̀, ìwé dídán pẹlẹbẹ tí kò ní tàn títí ẹnu mímọ́ yóò fi fẹ́ èémí sí i. Sùnmọ́nù lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Àga náà rọ̀ bí ikùn ológbò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀gún hun ún.

Wọ́n mú Abẹ́ní wọlé. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó fi gèlè pupa kan di ẹnu ọmọ náà bí àwọn tó ń dáná sun igbó ṣe ń di imú. Obìnrin tó ń ta òwú rírán ni, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín sókè tẹ́lẹ̀. Ó ti gbẹ. Ó dúró bí igi tí ewúrẹ́ ti jẹ èèpo rẹ̀.

"Abẹ́ní," ni Ìyá Alága wí, "Arídìí ti wo ẹnu ìwọ àti ọmọ rẹ. Ẹnu tìrẹ dákẹ́, ti ọmọ rẹ ń bù jẹ. Wọ́n fún un ní itọ́ tó dára lọ́jọ́ kẹjọ. Níbo ló ti rí kòkòrò burúkú?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Ṣé o máa ń jẹ oúnjẹ sẹ́nu fún un?"

"Rárá, Mà. Ṣíbí rẹ̀ dá wà. Ife rẹ̀ dá wà. Kí n fi ètè kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an, mi ò ṣe é rí. Láti ìgbà tí mo ti bí i ni mi ò tíì fẹnu ko ọmọ mi lẹ́nu."

Àwọn ìyá kan kùn hùn-ùn. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ pé, "Ilé bàbá rẹ̀ ni kí wọ́n lọ wò. Ẹnu ìdílé wọn ò dára látẹ̀yìnwá."

Abẹ́ní gbọ́ ọ. Ó yípadà sí Sùnmọ́nù, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ níwájú àga rẹ̀.

"Bàbá Ẹnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Nǹkan rere lẹ fún ọmọ mi. Èmi ni mo bà á jẹ́, mi ò kàn mọ bí mo ṣe bà á jẹ́ ni. Kí n tó lọ, ẹ dárí jì mí."

Gbogbo ojú wà lára Sùnmọ́nù, wọ́n ń retí pé kó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kan tu ìyá náà lára, bó ṣe máa ń ṣe. Àwàdà sì wá sí i lẹ́nu lóòótọ́, ó wá fúnra rẹ̀, bí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó korò ju álọ́ọ̀mù lọ.

Ìyá Alága na ìwé dídán náà sí i. "Bàbá Ẹnu, èémí yín là ń dúró dè."

Kò nira láti ṣe é. Kó béèrè omi díẹ̀, kó fi álọ́ọ̀mù tó wà lápò rẹ̀ sí i, kó ka igba. Abẹ́ní á sọdá odò. Ilẹ̀kùn á máa kí i. Àwọn ìyá mẹ́wàá yòókù ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn jókòó sí ìlà kejì, ó gbé ìkókó lẹ́sẹ̀; oṣù tó kọjá ló fún ọmọ yẹn ní itọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín sí i. Èrìgì ọmọ rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Sùnmọ́nù dìde. Ó kọjá lára ìwé, ó lọ tààrà sí igun, ó fa aṣọ funfun kúrò lórí Arídìí, ó sì tutọ́ sínú ẹnu rẹ̀.

"Bàbá!" ni Ìyá Alága pariwo. "Kí lẹ̀ ń ṣe? Èèwọ̀ ni! Ta ló fi ìwọ̀sí lọ̀ yín?"

"Èmi ni mo fi lọ ara mi. Fadérera, tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, òfin…"

"Ọmọ mi, o ti bò mí láṣìírí lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó tó."

Fadérera tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n nínú agolo. Kò pé ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Sùnmọ́nù ì bá ti gbin àgbàdo, kó kórè rẹ̀, kó sun ún jẹ. Ọ̀rọ̀ yọ lójú gíláàsì, ìlà lórí ìlà. Fadérera kà á, ohùn rẹ̀ ń já.

"Ojú ewé ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Odindi ni. Ó mọ irin inú ẹ̀jẹ̀, ó mọ ọ̀bẹ rọ." Ó mí kanlẹ̀. "Kòkòrò inú ẹnu Ìbídùn, ọmọ eléyìí ni. Àti… àti pé ó ti ju ọdún méjì lọ tó ti wà lẹ́nu Bàbá."

Ariwo ì bá sàn. Ohun kan ṣoṣo tí Sùnmọ́nù gbọ́ ni aṣọ: àwọn ìyá tó wà níwájú ń fọwọ́ bo ẹnu àwọn ọmọ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ìlà kejì. Ìyá tó rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kan ti gbé ìkókó rẹ̀ sábẹ́ ìborùn pátápátá.

"Mo mọ̀," ni Sùnmọ́nù wí. "Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ìkọjá-Odò ni mo ti lọ ṣe fọ́nńté kó o. Mo fi álọ́ọ̀mù tan ilẹ̀kùn, mo fi tan Atọ́wò. Ọmọ mọ́kànlá ni mo fún látìgbà náà. Ẹ̀yin ìyá wọn mọ ara yín." Ó wo gbogbo gbọ̀ngán. "Ṣé kò sí ẹni tó gbóòórùn mi nínú yín ni?"

Ìmáàmù ń wo ilẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ ń wo ilẹ̀. Láwálé káfíńtà ló fèsì.

"A rò pé oúnjẹ ni, Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé bóyá irú ni."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lọ́fun. Ìyá Alága gbé ojú kúrò lára Sùnmọ́nù, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe láìnídìí. Ojú ń ti àwọn náà. Gbogbo ìlú ló ti ń bu ọlá fún ẹnu tí wọ́n ń sá fún.

Sùnmọ́nù padà sọ́dọ̀ Abẹ́ní tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò mọ ohun tí ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀, torí náà ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Gbọ̀ngán mí hàà lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ má ṣe é! Ẹ gbé e dìde!" ni wọ́n ń ké, bí ẹni pé ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tó ti ṣe.

Abẹ́ní dìde. Kò gbé e dìde.

"Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi di ẹnu ọmọ mi, Bàbá," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ìyá mi kò wá sílé mi mọ́. Ọkọ mi bi mí níbi tí mo gbé ẹnu mi lọ. Mo ń gbàdúrà fún yín láràárọ̀. Ẹ gbọ́ o, fún yín. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ba orúkọ yín jẹ́."

"Kí wọ́n kọ orúkọ mi sí ìwé náà," ni Sùnmọ́nù wí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni kí wọ́n kó lọ."

"Ìyẹn kàn yín. Ẹ dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́." Ó tú ọ̀já, ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó tú gèlè kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ kò tíì wo ibẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti fi òwú yín ra á. Ẹ wò ó."

Sùnmọ́nù dìde dórí orúnkún. Ìbídùn dúró níwájú rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó wọ bàtà pupa kan tó tóbi jù ú lọ. Bí gèlè ti kúrò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fi bo ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ kò yẹ kí ènìyàn rí.

Sùnmọ́nù ti rí ìtìjú púpọ̀ láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò tíì rí irú èyí, pé kí ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ọjọ́ mọ ìtìjú. Ó sì mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Kò fọwọ́ kàn án. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó yípadà síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé, ó tẹ orí sẹ́yìn, ó sì la ẹnu ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu níwájú gbogbo Ọ̀sándúró. Èrìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ti fà kúrò lára eyín. Ẹ̀jẹ̀ ń sun díẹ̀díẹ̀ láàárín eyín ìsàlẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Itọ́ ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, kò nù ún.

Ìbídùn wò ó títí. Ó mú ọwọ́ kan kúrò lẹ́nu, ó súnmọ́ ọn, ó na ìka kékeré kan, Fadérera sì ké pé "Ẹ má jẹ́ kó…", ṣùgbọ́n Abẹ́ní gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. Ìka náà ò tilẹ̀ kan èrìgì. Ó dúró ní ìtòsí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ.

"Ó ń dùn ẹ́?" ni ọmọ náà bi í.

Wọ́n ti bi Sùnmọ́nù ní ìbéèrè yẹn rí. Ràfátù ti bi í, òun sì dáhùn pé irọ́ ni, ó ní eyín òun lè fa ọkọ̀ ojú irin.

"Ó ń dùn mí," ó wí.

"Èmi náà," ni Ìbídùn wí. Ó mú ọwọ́ kejì kúrò, ó sì la ẹnu fún un kó wò ó.